Bí o ṣe máa gbé Tokyo, kí o sì máa múra Lolita láìjẹ gbèsè

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ẹ̀kọ́ èdè Jàpáànì kan ní Tokyo ti gbà mí wọlé, oṣù kẹrin la ó bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń wo àwòrán àwọn ọ̀dọ́ Harajuku, àdúgbò aṣọ ní Tokyo, ìmúra Lolita, kaba wíwú bíi ti àwọn obìnrin Yúróòpù àtijọ́, ló sì wù mí jù lọ. Àmọ́ ẹsẹ̀ mi tóbi, ìdí mi náà kò kéré, owó nìkan ló kéré. Kí ni kí n rà kí n tó kúrò ní Ìbàdàn? Bí mo bá sì débẹ̀, báwo ni mo ṣe lè máa múra bẹ́ẹ̀ tí ìgbé ayé ojoojúmọ́ kò fi ní dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́?"

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú oríire. Kí n tètè mú èyí tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn jù kúrò ńlẹ̀: má ra kaba Lolita kankan kí o tó gbéra. Kaba tí ilé iṣẹ́ aṣọ Lolita bíi Angelic Pretty tàbí Baby, the Stars Shine Bright ń tà ní iye tó lé ní 30,000 yen ní tuntun, àlòkù rẹ̀ tó mọ́ tónítóní wà ní Tokyo ní nǹkan bíi 10,000. Ohun tí o máa gbé láti Ìbàdàn kò ju bùláúsì méjì tí télọ̀ rẹ rán mọ́ ọ lára àti bàtà kan lọ. N ó sọ ìdí rẹ̀ bó bá yá. Àmọ́ ká tó dé orí aṣọ, ó yẹ kí o mọ ohun tó ń gba owó aṣọ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ní pápákọ̀ òfurufú Narita tàbí Haneda ni wọ́n á ti fún ọ ní zairyū card, káàdì tó fi hàn pé o ń gbé ìlú. Ibẹ̀ náà ni kí o ti tọrọ àṣẹ láti ṣiṣẹ́. Fọ́ọ̀mù kékeré ni. Má jẹ́ kí àárẹ̀ ọ̀nà mú ọ gbàgbé rẹ̀, torí bí o bá ti jáde láìgbà á, ọ́fíìsì imigiréṣọ̀n ni wàá lọ tò sí, wàá sì máa retí ìdáhùn nígbà tí owó ọwọ́ rẹ ń tán lọ. Tí o bá ti wọ ilé, o ní ọjọ́ 14 láti lọ sí kuyakusho, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba àdúgbò rẹ, kí wọ́n kọ àdírẹ́sì rẹ sẹ́yìn káàdì náà. Báńkì àti àwọn tó ń ta láìnì fóònù á béèrè rẹ̀. Ọ́fíìsì yẹn kan náà ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìbánigbófò ìlera: bí o bá lọ gbàtọ́jú, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni ìwọ máa san. Tí o bá ti pé ọmọ ogún ọdún, ìwé owó ìfẹ̀yìntì náà á wá bá ọ nílé. Má jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ òun kúrò, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa bá a bẹ̀bẹ̀.

Iṣẹ́ wá kù. Wákàtí 28 lọ́sẹ̀ ni òfin gbà fún akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń da gbogbo ibi tí o bá ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni. Bí o bá ṣe 20 níbì kan tí o tún ṣe 12 níbòmíràn, o ti rú òfin. Ìgbà ìsinmi gígùn tí ilé ẹ̀kọ́ bá kéde nìkan ni wọ́n gbà kí o ṣe wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Ilé ọtí tí obìnrin ti ń jókòó ti oníbàárà kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n gbà rárá, ì báà jẹ́ pé abọ́ lásán lo ń fọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń jí wákàtí ṣe máa ń rò pé kò sẹ́ni tó rí wọn, wọ́n á wá rí i nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún físà ṣe, torí ìwé owó orí wọn ti sọ iye tí wọ́n gbà lọ́dún. Láti oṣù kẹwàá 2024, owó iṣẹ́ wákàtí kan ní Tokyo kò gbọdọ̀ dín sí 1,163 yen, ó sì ń lọ sókè láti ìgbà náà. Ní iye yẹn, wákàtí 28 á fún ọ ní nǹkan bíi 32,500 lọ́sẹ̀. Yọ owó yàrá, oúnjẹ, fóònù àti ọkọ̀ kúrò, wàá rí i pé aṣọ kan lóṣù ni agbára rẹ lè gbé. Owó oṣù àkọ́kọ́ kì í sì í tètè dé: iṣẹ́ oṣù karùn-ún, oṣù kẹfà ni wọ́n sábà máa ń san án. Fi owó oúnjẹ oṣù méjì pamọ́ kí o tó fojú kan Harajuku.

Ilé iṣẹ́ náà lè ní òfin tirẹ̀ lórí ìmúra. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kì í fẹ́ èékánná gígùn, yẹtí tàbí irun aláwọ̀ òdòdó. Wíìgì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Lolita fi ń bọ́ níbẹ̀, torí o lè ṣí i kúrò lórí kí o tó wọṣẹ́.

Ní ti yàrá, bẹ̀rẹ̀ láti ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá rí fún ọ. Bí o bá fẹ́ gba ilé fúnra rẹ, wọ́n á gba shikikin, owó ìdúró tí wọ́n ń yọ owó àtúnṣe kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó dá ìyókù padà, wọ́n lè gba reikin, ọ̀wọ̀ onílé tí kì í padà mọ́, wọ́n á sì gba owó ilé iṣẹ́ oníduùró. Àpapọ̀ rẹ̀ lè tó owó yàrá oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún kí o tó gba kọ́kọ́rọ́. Yàrá jō mẹ́fà (jō kan ni ìwọ̀n ẹní tatami kan), nǹkan bíi mítà mẹ́wàá níbùú lóròó, ni wàá bá níbẹ̀, pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ń jẹ́ oshiire. Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ni ọ̀tá aṣọ rẹ. Láti oṣù kẹfà títí dé àárín oṣù keje, òjò tsuyu á máa rọ̀, ọ̀rinrin á wọ inú rẹ̀, bàtà aláwọ àti kaba á bu. Ra ike amúrinrin ní ilé ìtajà oògùn, kó mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, kí o sì pààrọ̀ wọn bí omi bá ti kún wọn. Má jẹ́ kí aṣọ fara kan ògiri tó kọjú síta, torí ara ògiri yẹn tútù, ibẹ̀ ni omi máa ń sẹ̀ sí. Ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ lójoojúmọ́. Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ oṣù kẹrin lo ń dé, má sá aṣọ síta lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ láìwo ìròyìn ojú ọjọ́: ìyẹ̀fun igi sugi àti hinoki ń fẹ́ kiri lásìkò náà, ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì ń mú kí imú àti ojú máa yún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìdọ̀tí náà ní ọjọ́ tirẹ̀, èyí tó ń jóná lọ́tọ̀, ike lọ́tọ̀, igò lọ́tọ̀, kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Àdúgbò púpọ̀ ń gba aṣọ gbígbó lọ́tọ̀, àmọ́ bí òjò bá ń rọ̀ má gbé e síta, aṣọ tó ti tutù kò wúlò fún wọn mọ́.

Ó ti tó, jẹ́ ká dé orí aṣọ. O ní ìdí rẹ kò kéré. Nínú Lolita, ìdí kì í dá ẹnikẹ́ni dúró: síkẹ́ẹ̀tì náà fẹ̀ bí agogo, yẹ̀rì oníwúwú ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Èjìká, apá àti àyà ló ń dáni dúró. Bùláúsì tí wọ́n rán fún ọmọbìnrin ibẹ̀ máa ń fún lápá, èjìká rẹ̀ sì kéré. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí télọ̀ rẹ rán an. Kí ó jẹ́ owú, ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú tàbí àwọ̀ wàrà. Kọ́là róbótó, bọ́tìnì níwájú, apá wíwú tó fún níbi ọrùn ọwọ́, kí gígùn rẹ̀ sì kọjá ìbàdí dáadáa kó má baà máa jáde nínú kaba. Léèsì owú ni kó fi ṣe etí rẹ̀. Léèsì tó ń dán, irú èyí tí a fi ń lọ òde ìgbéyàwó, máa ń sọ gbogbo ìmúra náà di aṣọ eré orí ìtàgé.

Kaba tí kò lápá, tí wọ́n ń wọ̀ lé bùláúsì, ni wọ́n ń pè ní jumper skirt, JSK ni wọ́n ń kọ ní kúkúrú. OP (one-piece) ni èyí tó ní apá. JSK ni kí o máa wá. Wò ó lẹ́yìn: bí rọ́bà bá wà níbẹ̀, tí wọ́n fi kó aṣọ jọ, shirring ni wọ́n ń pè é, ó sì ń fi ọ̀pọ̀ sẹ̀ǹtímítà kún àyà àti ìbàdí. Nínú àlàyé ọjà wàá rí àyà 88–100, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé 88 ni bí kò bá fà, 100 ni bó bá fà dé òpin. Fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sílẹ̀ láti òpin yẹn, torí bùláúsì ṣì máa wà nínú. Ibi tí àwọn àlejò ti ń ṣì rà jù ni mihaba. Mihaba jẹ́ ìbú aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì, láti abẹ́ apá kan dé èkejì, nítorí náà mihaba 46 túmọ̀ sí 92 yíká. Katahaba ni ti èjìká, kitake ni gígùn, sodetake ni ti apá. Fi téèpù wọn bùláúsì tó bá ọ lára mu jù lọ lórí tábìlì bẹ́ẹ̀, kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú fóònù rẹ, kí o sì máa fi wọ́n wé ti ọjà. Nọ́ńbà yẹn ju S, M, L lọ, torí L tibẹ̀ lè jẹ́ M tiwa, nígbà mìíràn kó má tó o.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń kó gbogbo owó lé kaba, wọ́n á wá wọ̀ ọ́ láìní yẹ̀rì, síkẹ́ẹ̀tì á wó sílẹ̀, ẹ̀wà rẹ̀ á bọ́. Panier ni yẹ̀rì oníwúwú yẹn, tulle (aṣọ bíi nẹ́ẹ̀tì) tàbí organdy (aṣọ fẹ́lẹ́ tó le) ni wọ́n fi ń rán an. Ti tulle olówó pọ́ọ́kú máa ń wó lẹ́yìn oṣù díẹ̀, pàápàá bí o bá dì í tẹ àpótí. Gbé e kọ́ sókè ní òdìkejì, ìbàdí nísàlẹ̀, yóò pẹ́. Ìrísí rẹ̀ méjì ni: èyí tó tẹ́ wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún kaba A-line, tó rí bíi lẹ́tà A, àti èyí tó yọ gọngọ láti ìbàdí fún kaba tó rí bí agogo. Bí o bá gbé ọ̀kan wọ abẹ́ èkejì, iṣẹ́ ọ̀nà etí aṣọ á ká lójú ibi tí kò yẹ. Yẹ̀rì náà á gbé aṣọ sókè ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan. Bí o bá ga, kaba tó dé orúnkún lórí ìkọ́ lè dé agbede itan lára rẹ. Fi yẹ̀rì pẹlẹbẹ tó ní léèsì ní etí kún un kó tún lè dé orúnkún. Má jẹ́ kí orúkọ Lolita kó ìtìjú bá ọ bí àwọn ará ilé bá béèrè: aṣọ àwọn obìnrin Yúróòpù àtijọ́ ni wọ́n wò ṣe é, ó bo àyà, ó bo apá, ṣòkòtò ìlábẹ́ wà, ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún. Ní àlòkù, kaba nǹkan bíi 10,000, yẹ̀rì 4,000, ìbọ̀sẹ̀ àti ohun ìdérí 3,000, ó lè dúró sí 17,000, níwọ̀n bí bùláúsì àti bàtà ti wà lọ́wọ́ rẹ.

Bàtà náà. Sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ń ka bàtà níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, dúró lórí bébà, kí ẹnìkan fàlà sí gìgísẹ̀ àti ìka tó gùn jù, kí o sì wọn ún. Bàtà obìnrin nínú ṣọ́ọ̀bù gbogbogbòò sábà máa ń dópin sí 24.5 tàbí 25. Tí ẹsẹ̀ rẹ bá ti kọjá 25, gbé bàtà dúdú pẹlẹbẹ kan láti ilé, èyí tó ń ṣí tó ń pa pẹ̀lú bọ́kùlù tàbí síìpù. Má gbé bàtà gígùn tó ní ihò okùn mẹ́rìnlá. O máa bọ́ bàtà ní ẹnu ọ̀nà ilé, ní ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń jókòó sílẹ̀, àti nínú yàrá ìdánwò aṣọ. Ẹni tó bá ń tú okùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà ń dí èrò lọ́nà ni. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ kò sì gbọdọ̀ lu. Nínú yàrá ìdánwò, wọ́n á fún ọ ní aṣọ pẹlẹbẹ kan láti fi bojú; kì í ṣe ẹ̀bùn, kí pọ́dà àti ọ̀dà ètè má baà ta sí ọjà ni.

Má tìtorí pé o jẹ́ àlejò retí pé wọ́n á yọ owó orí ọjà fún ọ. Láti oṣù kẹrin 2023, físà akẹ́kọ̀ọ́ kò sí nínú èyí tí wọ́n ń yọ ọ́ fún mọ́; ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lo máa san lórí aṣọ. Fún Lolita àlòkù, ṣọ́ọ̀bù Closet Child ni ibi àkọ́kọ́. Ilé ìtajà ńlá Laforet ní Harajuku, tó ti wà láti 1978, dára láti lọ wo tuntun, kí o sì mọ bí aṣọ ṣe ń jókòó lára kí o tó lọ wá àlòkù rẹ̀. Fún aṣọ ọjọ́ ilé ìwé, àdúgbò Kōenji àti Shimokitazawa kún fún ṣọ́ọ̀bù àlòkù, ilé ìtajà aṣọ GU àti Uniqlo sì ń ta ìwọ̀n ńlá púpọ̀ sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì ju nínú ṣọ́ọ̀bù lọ. Ká sòótọ́, irú aṣọ yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Tokyo ń wọ̀ lójoojúmọ́, ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ àti ẹ̀wù tí kò láriwo. Nínú àlàyé àlòkù, wá shimi, ìyẹn àbàwọ́n, àti hotsure, ibi tí ìrán ti ń tú. Àbàwọ́n abẹ́ apá kì í kúrò. Wọn kì í sábà gba àlòkù padà, nítorí náà wò ó lójú ìmọ́lẹ̀ kí o tó sanwó. Ní òpópónà Takeshita ní Harajuku, bí ọkùnrin kan bá dá ọ dúró, tó ń fà ọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù aṣọ hip-hop, rìn lọ, kódà bó bá fi Yorùbá kí ọ. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń ṣe òwò yẹn, ẹni tó bá wọlé kì í rọrùn fún un láti jáde lọ́wọ́ òfo.

Ọkọ̀ ojú irin ló máa gbé ọ lọ sí gbogbo ibi wọ̀nyí. Má fi yẹ̀rì wíwú wọ ọkọ̀ láàárín aago méje ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án àárọ̀. Èrò á rún un, ìwọ náà á gba àyè ẹni méjì. Ọ̀pọ̀ ń dì í sínú àpò, wọ́n á lọ wọ̀ ọ́ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ilé ìtajà ńlá. A kì í ṣe ìpè fóònù nínú ọkọ̀. Èyí tó kẹ́yìn máa ń lọ ní nǹkan bí aago méjìlá òru, òmíràn kò sì tún sí títí di nǹkan bí aago márùn-ún. Kí o tó gba yàrá tó jìnnà nítorí pé owó rẹ̀ kéré, bi ilé ẹ̀kọ́ rẹ bóyá wọ́n wà lára àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ wọn lè ra tíkẹ́ẹ̀tì oṣù ní ẹ̀dínwó, torí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ èdè kò sí níbẹ̀.

Irun àti awọ ara: pọ́dà tó bá awọ wa mu ṣọ̀wọ́n ní ilé ìtajà oògùn wọn. Gbé tìrẹ, àmọ́ má jẹ́ kí irú ọjà kan ju 24 lọ, ibẹ̀ ni òfin wọn dé fún ohun ìṣaralóge tí èèyàn ń kó wọlé fún ara rẹ̀. Tókyo ní àwọn obìnrin adúláwọ̀ tó ń dirun, owó wọn kò kéré. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé Kanekalon, tí a fi ń dirun káàkiri ilẹ̀ wa, ọmọ Jàpáànì ni, ilé iṣẹ́ Kaneka ló ń ṣe é láti 1957, síbẹ̀ o kò ní rí i rà ní ṣọ́ọ̀bù igun àdúgbò. Kó ìdì mẹ́fà tàbí mẹ́jọ dání. Irun dídì bá Lolita mu dáadáa, fi ribọ́ọ̀nù tàbí fìlà léèsì lé e, kò di dandan kí o ra wíìgì aláwọ̀ wúrà.

Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, ooru á mú débi pé Lolita á di ìyà. Ìgbà yẹn ni kí o wọ yukata, aṣọ owú tí wọ́n ń wọ̀ lọ wo iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run. Àlòkù rẹ̀ lè má ju 2,000 yen lọ. Apá òsì ló máa ń bo ọ̀tún. Òkú ni wọ́n ń wọ aṣọ fún ní òdìkejì, tọ́jú èyí dáadáa torí àwòrán fóònù tó yí padà lè ṣì ọ́ lọ́nà. Okùn méjì ló ń dì í mọ́ra, obi ló ń bò wọ́n. Obi tó wà fún un, hanhaba, fẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16, ó sì gùn ní nǹkan bíi mítà 3.6 sí mítà mẹ́rin. Ahunṣọ Ìṣẹ́yìn lè bá ọ hun aṣọ òkè ní ìwọ̀n yẹn gan-an: awẹ́ aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n rán pọ̀, kí ó jẹ́ òwú lásán láìsí fọ́nrán tó ń dán nínú rẹ̀, torí fọ́nrán bẹ́ẹ̀ máa ń yọ̀, kókó á sì tú. Àdúgbò Arimatsu ní ìlú Nagoya ló lókìkí jù fún yukata aláró tí wọ́n dì kí wọ́n tó rẹ. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ oníko á mọ iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀. Yukata bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú obi aṣọ òkè, kò ní sí ẹlòmíràn tó wọ irú rẹ̀ lójú àgbàlá.

Láti 1977 títí di 1998, wọ́n máa ń ti títì Harajuku pa fún mọ́tò lọ́jọ́ Àìkú, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń pàdé. Kò sí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí o bá fẹ́ rí àwọn ọmọ Lolita, wá ochakai, àpèjẹ tíì tí ṣọ́ọ̀bù tàbí àwọn olólùfẹ́ aṣọ ń ṣètò. O máa forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, o sì máa sanwó. Bí o bá fẹ́ ya fọ́tò ẹnìkan, béèrè kí o tó gbé fóònù: "Shashin o totte mo ii desu ka?" (Ṣé mo lè ya fọ́tò?) Bí o bá sì fẹ́ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn tún ní ìbéèrè tirẹ̀.